Aginjù Wa, Alùpùpù Wọn: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Dájọ́?

Ìfáàrà

Nínú ọgbà Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Boubou Hama ní ìlú Niamey, igi gbígbẹ kan wà tí wọ́n tọ́jú bí ẹni tọ́jú egungun akọni. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ó fi dá nìkan dúró láàrin iyanrìn aginjù Ténéré, tí àwọn oníràkúnmí ń fi í mọ ọ̀nà. Ní ọdún 1973, ọkọ̀ akẹ́rù kan kọlù ú, ó sì wó. Wọ́n gbé òkú igi náà wá sí Niamey, wọ́n sì ri igi onírin mọ́lẹ̀ sí ipò rẹ̀. Ní ọdún 1983, ilé iṣẹ́ Yamaha ti ilẹ̀ Jàpáànì gbé alùpùpù ńlá kan jáde fún ìrìn-àjò ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ténéré. Láti ìgbà náà ni orúkọ náà ti ń jẹ́ ti ohun méjì: òkú igi tí ó wà ní Niamey, àti alùpùpù tí ó ń sáré ní Paris, ní Milan àti ní London.

Mo fi ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó gbé ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò kalẹ̀. Àwọn alùpùpù ńláńlá tí wọ́n ń pè ní ti aginjù, orúkọ ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ń ta ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti dán wọn wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń fi ọ̀kan wé èkejì láti mọ èyí tí ó sàn, ohùn àwọn tí ó ń gbé lórí ilẹ̀ náà kì í sí níbẹ̀. Èdè wọn kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìdájọ́ aláàbọ̀ ni irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Mo sì fẹ́ fi kún un, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé àwa onímọ̀ èdè àti olùkọ́ èdè ni ẹ̀bi náà pọ̀ sí lọ́wọ́ jù lọ.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ irú alùpùpù tí mo ní lọ́kàn. Kì í ṣe ọ̀kadà tí gbogbo wa mọ̀. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí 600 cc títí dé 1,300 cc ni, tí ó ga nílẹ̀, tí tánkì rẹ̀ tóbi, tí a lè so ẹrù mọ́ lọ́tùn-ún àti lósì, tí a sì lè gùn lórí ọ̀dà àti lórí erùpẹ̀. Alùpùpù ìrìnkèrindò ni mo ń pè é. N kò jókòó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà, D. O. Fágúnwà ti fi ìrìnkèrindò sí orí ìwé rẹ̀ kan ní ọdún 1954, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà lẹ́nu àwọn àgbà kí ó tó kọ ọ́. A ti ní ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Ẹ̀rọ tí a ó fi pè ni a kò fẹ́ fi ẹnu kàn.

Bí wọ́n ṣe mú orúkọ lọ

Ní ọdún 1977, ọmọ Faransé kan tí ń jẹ́ Thierry Sabine sọnù pẹ̀lú alùpùpù rẹ̀ ní aginjù Líbíà, nígbà ìdíje tí ó ti Abidjan lọ sí Nice. Wọ́n rí i, wọ́n sì gbà á là. Nígbà tí ó padà délé, ó dá ìdíje Paris sí Dakar sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ gbéra ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1978. Cyril Neveu ni ó gba ipò kìíní láàrin àwọn alálùpùpù ní 1979 àti ní 1980. Yamaha XT500 ni ó gùn, alùpùpù onípísìtìnnì kan ṣoṣo tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 140 kìlógíráàmù. Ní 1981, Hubert Auriol borí lórí BMW R 80 G/S, èyí tí àwọn ará Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde ní 1980, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800 cc, tí ó sì ń lo ọ̀pá irin dípò ṣéènì láti yí táyà ẹ̀yìn. Auriol tún borí ní 1983. Gaston Rahier, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, gbà á lórí BMW ní 1984 àti 1985. Honda fi NXR750 gba ipò kìíní láti 1986 títí dé 1989. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni wọ́n sì tẹ̀ lé láti ṣe Africa Twin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1988.

Ẹ wo àwọn orúkọ náà. Ténéré: ní èdè àwọn Tuareg, aginjù ni ìtumọ̀ rẹ̀. Africa Twin: ìbejì ti Áfíríkà, nítorí pé písìtìnnì rẹ̀ jẹ́ méjì. Àwa Yorùbá mọ iyì ìbejì, a sì mọ̀ pé orúkọ kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ta ni wọ́n wò nígbà tí wọ́n ń sọ ọmọ wọ̀nyí lórúkọ, ta sì ni wọ́n pè síbi ìsọmọlórúkọ náà?

Kì í ṣe pé àwọn ará ilẹ̀ kò bá wọn ṣe é. Mano Dayak, ọmọ Tuareg tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápákọ̀ òfurufú Agadez, wà lára àwọn tí ó mú ìdíje náà la aginjù Nìjẹ̀r kọjá. Nígbà tí Sabine kú nínú jàǹbá hẹlikópútà ní Málì ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 1986, inú aginjù Ténéré ni wọ́n fọ́n eérú rẹ̀ sí. Dayak fúnra rẹ̀ kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní oṣù Kejìlá ọdún 1995. Ó kọ ìwé nípa àwọn ènìyàn rẹ̀. Èdè Faransé ni ó fi kọ ọ́. N kò dá a lẹ́bi, nítorí pé àwọn tí ó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ni ó kọ̀wé sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni ó jẹ́ pé ẹni tí ó mọ aginjù náà ju gbogbo wọn lọ kò rí àyè sọ ohun tí ó mọ̀ ní èdè tí ó fi mọ̀ ọ́n.

Ìdíje náà kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni. Ní 1983, ìjì iyanrìn mú kí ọ̀pọ̀ olùdíje sọnù ní Ténéré. Láàrin ọdún wọ̀nyẹn, àwọn ará abúlé ẹ̀bá ọ̀nà, tí àwọn ọmọdé wà nínú wọn, kú lábẹ́ táyà àwọn tí ó ń sáré kọjá. Èyí tí ó kan Niamey gan-an ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2000, nígbà tí ìdíje náà ń ti Dakar lọ sí Cairo. Wọ́n dé Niamey, wọ́n sì gbọ́ pé àwọn agbébọn lè dènà dè wọ́n níwájú. Ọkọ̀ òfurufú Antonov ńláńlá ni wọ́n fi kó ènìyàn, mọ́tò àti alùpùpù láti Niamey lọ sí Sabha ní Líbíà. Alùpùpù aginjù fò kọjá lórí aginjù. Àwọn tí kò ní ọkọ̀ òfurufú ni ó kù nílẹ̀ pẹ̀lú ewu náà.

Lẹ́yìn tí wọ́n pa ọmọ Faransé mẹ́rin ní Moritáníà ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, wọ́n fagi lé ìdíje ti 2008. Láti 2009 ni wọ́n ti gbé e lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé e lọ sí Saudi Arébíà ní 2020. Dakar ni wọ́n ṣì ń pè é níbẹ̀. Wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n mú orúkọ dání.

Òṣùwọ̀n tí kò bá ilẹ̀ mu

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí wọ́n ṣe ń wọn àwọn alùpùpù wọ̀nyí. Agbára ẹṣin ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ kà. BMW R 1250 GS, tí ó jáde ní 2018, ní agbára ẹṣin 136. Honda Africa Twin oní-1,100 cc ní nǹkan bí 102. Yamaha Ténéré 700, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 2019, ní nǹkan bí 73. Ẹni tí ó bá ka nọ́ńbà wọ̀nyí nìkan yóò rò pé BMW ni ó borí. Lójú ọ̀nà olọ́dà gbọọrọ, bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n BMW náà, pẹ̀lú epo nínú, jẹ́ 249 kìlógíráàmù. Ti Africa Twin jẹ́ nǹkan bí 226. Ti Ténéré 700 jẹ́ nǹkan bí 205. Gbogbo ẹni tí ó ti gun alùpùpù nínú iyanrìn rí ni ó mọ̀ pé ṣíṣubú kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Ìbéèrè tí ó kàn kì í ṣe bí ó ṣe ń sáré tó. Ìbéèrè náà ni pé bí ó bá ṣubú lé ọ lẹ́sẹ̀ ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò sí, ṣé o lè gbé e dìde?

Ìbéèrè kejì ni ti epo. Láti Agadez dé Bilma, lórí iyanrìn Ténéré, jẹ́ nǹkan bí 600 kìlómítà. Ká ní lítà kan gbé alùpùpù bẹ́ẹ̀ fún 20 kìlómítà, ìṣirò tí ó ṣe é lójú rere nínú iyanrìn. Ténéré ti 1983 gbé tánkì tí ó gba epo tí ó súnmọ́ 30 lítà. Yóò dé Bilma pẹ̀lú ìpayà. Ténéré 700 gba 16 lítà. Epo rẹ̀ yóò tán ní nǹkan bí 320 kìlómítà, kò tíì ju ìdajì ọ̀nà lọ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n fi tánkì 23 lítà sí òmíràn ní 2022, òun náà kò tíì lè dé Bilma láìgbé kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn. Ìyẹn ni pé alùpùpù tí ó ń jẹ́ orúkọ aginjù náà lónìí kò lè fi tánkì rẹ̀ la aginjù náà já. N kò sọ pé kò dára. Mo ní bí ó bá jẹ́ pé ará Bilma ni ó ń ṣe ìdájọ́ ni, ìyẹn ni yóò kọ́kọ́ sọ.

Àwọn tí ó ra àwọn alùpùpù wọ̀nyí ní òkè òkun kì í sábà fi ẹnu bo àlébù wọn. Àwọn tí ó ní Africa Twin àtijọ́ yóò sọ fún ọ pé ẹ̀rọ tí ó ń fa epo máa ń dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Àwọn tí ó ní BMW yóò yin ọ̀pá irin rẹ̀ pé kò fẹ́ ọ́ìlì bíi ṣéènì, wọn yóò sì ráhùn pé ọjọ́ tí oríkèé ẹ̀yìn rẹ̀ bá bàjẹ́, kò sí ohun tí ẹni kan lè fi ọwọ́ ṣe sí i lẹ́bàá ọ̀nà. Mo bọ̀wọ̀ fún ìwà yìí. Wọ́n gun ohun tí wọ́n ń sọ, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí a bá ń bá wọn jà lórí ibi tí wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó, kí a má ṣe ṣàìkọ́ ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ọjọ́ kan wà tí òwe náà yé mi dáadáa. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá nísinsìnyí. Àwọn arìnrìn-àjò méjì kan ti alùpùpù ńlá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Katako. Ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ń sọ Zarma, àwọn méjì ń sọ Hausa. Wọ́n ní kí n wá ṣe ògbufọ̀. Gíláàsì iwájú alùpùpù náà ń fi nọ́ńbà kan hàn, àwọn àlejò sì ń wá ìtumọ̀ nọ́ńbà náà nínú ìwé wọn. Ọ̀gá mẹkáníìkì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí òun gbọ́. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó fi ìka kan epo inú tánkì, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún wọn pé omi ni ó mu. Epo tí wọ́n rà lójú ọ̀nà ni.”

Mo bi í pé, “Ọ̀gá, ṣé ẹ lè tún un ṣe?”

Ó ní, “Ẹ́ńjìnnì ni mo mọ̀ ọ́n tún ṣe. Èyí kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbé lé táyà.”

Wọ́n da epo náà nù, wọ́n nu gbogbo inú rẹ̀. Ọ̀gá náà kò ṣìnà. Omi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò kúrò lójú gíláàsì, alùpùpù náà sì kọ̀ láti jí, nítorí pé ó ń dúró de ẹ̀rọ tí yóò fún un láṣẹ, ẹ̀rọ náà kò sì sí nítòsí. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó gbé e lọ sí Kútọnu. Bí àwọn arìnrìn-àjò náà bá kọ ìrírí wọn sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ ọ́ pé kò sí mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ ní Niamey. Ìdájọ́ tí ọ̀gá mẹkáníìkì dá fún alùpùpù wọn, pé ẹ̀rọ tí kò jẹ́ kí ẹni tí ó mọ àìsàn rẹ̀ wò ó sàn kì í ṣe ẹ̀rọ aginjù, ta ni ó kọ ọ́ sílẹ̀? Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ èdè, tí mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bírò lápò, n kò kọ ọ́. Òun ni mo ń kọ nísinsìnyí.

Ohun tí àwọn alátakò ń sọ

Ọ̀rẹ́ mi kan, onímọ̀ èdè tí mo bọ̀wọ̀ fún, sọ pé n kò ní ẹjọ́ rò. Ó ní ẹni tí ó rọ ọ̀bẹ ni ó mọ bí ó ṣe mú. Èsì mi ni pé alágbẹ̀dẹ mọ bí ọ̀bẹ ṣe mú. Ẹran tí yóò gé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ùn. Àwọn Yorùbá tún ní ẹni tí a bá ní abà ni baba. Bí a bá dé aginjù, ará aginjù ni baba, bí ó ti wù kí alùpùpù àlejò tóbi tó.

Àtakò kejì ní agbára ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní àwọn ènìyàn wa kì í ra alùpùpù ìrìnkèrindò. Boxer tí àwọn ará Índíà ṣe, tí kò ju 150 cc lọ, àti àwọn tí ó ti Ṣáínà wá ni wọ́n ń rà. Kí ni kàn wá nínú àfiwé àwọn alùpùpù olówó ńlá? Mo gbà pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò já sí ibi tí wọ́n fẹ́ kí ó já sí. Alùpùpù tí agbára ẹṣin rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 12 yìí, tí ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti BMW tí mo dárúkọ, ni ó ń gbé agbẹ̀bí lọ sí abúlé, tí ó ń gbé àpò jéró wá sí ọjà, tí ó ń gbé ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin kọjá lórí afárá Kennedy. Bí ìrìnkèrindò bá túmọ̀ sí kí ènìyàn kọjú sí ọ̀nà tí kò mọ bí yóò ti rí, àwọn wọ̀nyí ni ó ń ṣe é lójoojúmọ́. Ó yẹ kí a fi ẹ̀rọ wọn sínú àfiwé náà, kí a sì wo èyí tí yóò kọ́kọ́ jáde nínú iyanrìn.

Àìsí àfiwé náà ní èdè wa ń pa wá lára. Ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ ní ìwé fi owó tí ó tọ́jú fún ọdún mẹ́ta ra alùpùpù tuntun kan. Ìwé tí ó bá a wá wà ní èdè Ṣáínà àti Gẹ̀ẹ́sì tí kò gún. Òǹtajà sọ fún un pé ó dára, ó gbà á gbọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un iye kìlómítà tí ó yẹ kí ó rìn kí ó tó pààrọ̀ ọ́ìlì. Ìwé náà sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ fún òun. Kí ọdún tó yí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ko. Ọmọ náà mọ ìwé Yorùbá kà. Èmi ni mo kọ́ ọ. Kí ni mo kọ́ ọ pé kí ó máa kà?

Òfin pẹ̀lú ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Diffa, ní 2015, àti ní Tillabéri tí ó yí Niamey ká, ní 2020, ìjọba Nìjẹ̀r fi òfin de alùpùpù, nítorí pé àwọn agbébọn ń gùn ún. Òfin ìrìnnà ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2012 lé àwọn ọ̀kadà kúrò lójú ọ̀nà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó yọ̀ǹda fún àwọn akówèé-kẹ́rù tí alùpùpù wọn tó 200 cc. Wọ́n tún fi òfin dè wọ́n ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní 2020 àti 2022. Ẹ ṣàkíyèsí ti 2012 yẹn: títóbi ẹ́ńjìnnì ni ó di ìlà láàrin ẹni tí ó lè jẹun àti ẹni tí kò lè jẹun. Mélòó nínú àwọn tí òfin náà lé kúrò lójú ọ̀nà ni ẹnikẹ́ni fi èdè Yorùbá ṣàlàyé cc fún? Kò sì ṣòro. Cc ni ìwọ̀n àyè tí písìtìnnì ń gbà lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì. Bí a bá ko ẹgbẹ̀rún rẹ̀ jọ, ó di lítà kan. Gbólóhùn kan péré ni. Ẹni tí ó bá ní èdè wa kò lè gbé e, kí ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀bi tiwa

Èyí ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ àwa fúnra wa. A ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí èdè-ìperí. Ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé ìró, gbólóhùn, àti lítíréṣọ̀. Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí kò jẹ nínú oúnjẹ náà. Ṣùgbọ́n a dúró níbẹ̀. A fi Yorùbá ṣe èdè tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀. Nígbà tí ó bá kan ẹ̀rọ, a jókòó ní ọ́fíìsì, a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ gígùn tí mẹkáníìkì kankan kò ní fi ẹnu pè láéláé, a sì ń bínú pé àwọn aráàlú ń ba èdè jẹ́.

Ta ni ó ń ba èdè jẹ́? Ọ̀gá mẹkáníìkì Katako ní púlọ́ọ̀gì, ó ní kabùrétọ̀, ó ní ṣọ́ọ̀kì àti rìngì. Ẹni tí ó ti Àjàṣẹ́ wá ń pe púlọ́ọ̀gì ní bujì bí àwọn Faransé. Àyálò ni wọ̀nyí, wọ́n sì ti di ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó fi ń darí wọn: ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́, ó ń mí gúlegúle, ó mu omi, ó ko, ó jí, ó kọ̀. Ògidì Yorùbá ni. Ó fi wọ́n ya àìsàn kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn bí oníṣègùn. Ògún kò fi ọjọ́ kan gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò lè sọ ohun tí irin ń ṣe. Àwa ni a kò tíì fi ìwé àti bírò wọ ṣọ́ọ̀bù náà.

Bẹ́ẹ̀ ni lítíréṣọ̀ wa kò ṣàìfi ọ̀nà hàn wá. Nínú Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, Àkàrà-Ògùn kò lọ sí Òkè Láńgbòdó nítorí fàájì; ọba ni ó rán òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ìlú lè jàǹfààní. Nígbà tí ó sì dé, ó rò gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí fún akọ̀wé kan, akọ̀wé náà kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́. Ohun méjì ni ó wà níbẹ̀: ẹni tí ó rin ọ̀nà, àti ẹni tí ó kọ ọ́. Ní Niamey lónìí, àwọn tí ó ń rin ọ̀nà kò wọ́n. Akọ̀wé ni ó wọ́n.

Ìlú yìí kan náà ni ibùjókòó CELHTO wà, ilé iṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà tí ó ń ṣe ìwádìí èdè àti ìtàn àtẹnudẹ́nu. Wọ́n ti ṣe bẹbẹ lórí ìtàn àwọn ọba àti àwọn ogun àtijọ́. Mo ń bèèrè, kì í ṣe ti ìwọ̀sí, pé ṣé ìtàn àtẹnudẹ́nu parí nígbà tí ẹṣin parí ni? Ẹni tí ó gun alùpùpù láti Agadez dé Bilma, tí ó sì padà, ṣé kò ní ìtàn?

Àgbálọgbábọ̀

Mo bẹ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi fún ohun mẹ́ta. Èkínní, kí a rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì bí a ṣe ń rán wọn lọ sí ilé babaláwo àti ilé onílù, kí wọ́n gba ohùn sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, láìsí àtúnṣe ọ̀mọ̀wé. Èkejì, nígbà tí a bá ń kọ́ wọn ní àròkọ aláfiwé, kí a yé fún wọn ní ìlú àti oko nìkan. Kí a ní kí wọ́n fi alùpùpù méjì wé ara wọn, kí wọ́n wọn epo, ìwúwo, owó àti bí àtúnṣe ti rọrùn sí, kí wọ́n sì dájọ́. Ẹ̀kẹta, kí àwọn tí ó ń kọ Hausa, Zarma àti Tamasheq ṣe bákan náà, kí a lè tú ìdájọ́ wa sínú èdè ara wa láìgba ọ̀nà Paris.

Àwọn tí ó ń ṣe alùpùpù náà kò ní ka ohun tí a bá kọ. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ko yóò kà á, àbúrò rẹ̀ yóò sì kà á kí ó tó san owó. Ìyẹn tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ wo òkú igi Ténéré. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, “Tíṣà, ṣé orúkọ alùpùpù ni wọ́n sọ igi náà ni?” N kò bá a wí. Èmi ni kò tíì sọ fún un èyí tí ó kọ́kọ́ dé ayé.